Àpò Mẹ́ta fún Owó Àìsàn: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ti ń bójú tó ìwé owó ní Ògbómọ̀ṣọ́, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ní ìlà kan tí èèyàn ti ń kọ ohun tó fẹ́ fowó ṣe. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ máa ń wà níbẹ̀, owó páànù, owó àtifi kún ọjà. Àwọn wọ̀nyẹn máa ń ní sùúrù di ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tó bá kọ "owó ọsibítù" kì í ní sùúrù, kì í béèrè iye èlé, kì í sì í ka ohun tó ń fọwọ́ sí. Aláìsàn ti wà lórí ibùsùn, wọ́n sì ti ní kó lọ mú owó wá.

Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹni tí kò mọ owó tọ́jú. Wọ́n ń dá àjọ. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ní káàdì ìdójútòfò ìlera. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé wọ́n gbé iṣẹ́ káàdì lé àjọ lọ́wọ́, tàbí wọ́n gbé iṣẹ́ àjọ lé káàdì lọ́wọ́. Káàdì lè san owó dókítà, àyẹ̀wò àti ibùsùn, ṣùgbọ́n kò ní san owó ọkọ̀ òru, kò ní bọ́ ẹni tó ń dúró ti aláìsàn, kò sì ní dá èrè ọjà tí ẹ kò lè lọ padà. Àjọ lè ṣe gbogbo ìyẹn, àmọ́ àjọ ₦500 lójúmọ́ kò lè gbé iṣẹ́ abẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Bàbá ń lò lóṣooṣù náà kò yẹ kó wọ inú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àpò mẹ́ta ni, bí ẹ ó ṣe kún wọn nìyí.

1. Ẹ kọ owó àìsàn sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Gbogbo owó tó bá jáde nítorí ara tí kò le, ẹ kọ ọ́: parasitamọ́ọ̀lù tí ọmọ lọ rà ní kẹ́mísì ẹ̀gbẹ́ ilé, agbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì àdúgbò wá gún nílé, owó lábù, owó ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síwá sẹ́yìn. Ẹ má ṣe fi agbo sílẹ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Owó rẹ̀ kì í pọ́ọ́kú mọ́ tó bá di òpin oṣù.

Nígbà tí oṣù bá pé, ẹ wá ìlà tó bá ń tún ara rẹ̀ sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú wa, ìlà náà ni "ibà àti táífọ́ọ̀dù". Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí owó tó ń gba ibẹ̀ lọ kò kéré.

Bó ṣe máa ń rí ni pé ara gbóná, orí ń fọ́ni, èèyàn lọ sí lábù kékeré, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Widal, èsì jáde pé táífọ́ọ̀dù wà. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, ara tún gbóná, Widal tún sọ pé ó wà. Ohun tí Widal ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ ogun tí ara fi bá kòkòrò jà, àwọn ọmọ ogun yìí sì máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí àìsàn ti lọ. Ní ibi tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Àyẹ̀wò tó ṣeé gbára lé ni kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ náà sí lábù ńlá kí wọ́n lè rí kòkòrò fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ara bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ béèrè fún àyẹ̀wò ibà, èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan láti orí ìka ṣe, tí èsì rẹ̀ kì í tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ ibà ni, ẹ lo oògùn ibà náà pé. Artemether-lumefantrine tí wọ́n sábà máa ń fúnni jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má sì pín ìyókù fún ọmọ mìíràn torí pé ara ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí kì í bá ṣe ibà, ó di ọwọ́ dókítà, kì í ṣe ti ẹni tó ń ta oògùn.

Ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé náà máa ń gba owó tí kò yẹ kó gbà. ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, àti síńkì ni ìtọ́jú rẹ̀, owó wọn kò sì tó ti omi tí wọ́n ń fà síni lára. Pákéẹ̀tì ORS kan, omi lítà kan: píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára. Síńkì, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, bí ìgbẹ́ náà bá tiẹ̀ ti dá. Bí ọmọ kò bá lè mu omi mọ́, tí ojú rẹ̀ ti wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

2. Ẹ yọ ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kúrò nínú ìṣirò

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé, ọ̀fẹ́ ni. Àjẹsára HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2023 fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gba á. Àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife, ọ̀fẹ́. Oògùn HIV, ọ̀fẹ́. Ẹni tí ikọ́ bá ti ń bá jà fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ní iṣẹ́ kankan tó ń lọ ṣe nídìí omi ikọ́ inú ìgò. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò.

3. Àpò kìíní: ẹ gba káàdì ìdójútòfò

Òfin tí wọ́n fi dá NHIA, àjọ ìdójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ ní 2022 sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Pé ó di dandan kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan máa mú un wá bá yín nílé. Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, NHIA ni tiyín: ẹ̀yin, ọkọ tàbí aya yín, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, oníṣòwò, àgbẹ̀ tàbí oníṣẹ́ ọwọ́, OYSHIA ni ẹ ó wá lọ, ìyẹn àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn máa ń san tiwọn fún odindi ọdún lẹ́ẹ̀kan. Iye rẹ̀ máa ń yí padà, ẹ béèrè èyí tó wà lóde lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ wọn, ẹ má ṣe gba ti ẹnu ọjà.

Sísan owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Ìmọ̀ràn mi fún ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí wọ́n so ó mọ́ àsìkò kajú. Láàárín Èrèlé sí Igbe, owó máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ní oko kajú ní apá Oríire àti Súrùlérè, ó máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á, tó ń ṣà á, tó ń fi mọ́tò kó o. Ẹ san owó káàdì ilé yín nígbà yẹn, kí òjò tó rọ̀ dáadáa. Ìdí méjì ló wà fún un. Owó kajú kì í pẹ́ nílẹ̀, ayẹyẹ ló máa ń gbà á. Èkejì, ẹ̀fọn àti ibà máa ń pọ̀ lẹ́yìn òjò, káàdì tuntun sì máa ń gba ìgbà díẹ̀ kó tó ṣeé lò. Ẹni tó bá dúró títí ara fi gbóná kó tó forúkọ sílẹ̀ ti pẹ́.

Ẹni tí kò ní oko, tó ń ta ẹlùbọ́ tàbí aṣọ ní ọjà Wazo, lè pín iye náà sí oṣù mọ́kànlá, kó máa dá a sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ alájọ, kó sì kó o nígbà tí káàdì bá fẹ́ parí.

Nígbà tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ mú NIN gbogbo ilé dání, kí ẹ sì rí i pé orúkọ tó wà lórí NIN bá èyí tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ mu. "Adéníkẹ̀ẹ́" níbì kan, "Níkẹ̀ẹ́" níbòmíràn, ìyẹn nìkan ti tó láti dá aláìsàn dúró níwájú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun mẹ́rin: àìsàn wo ni kò sí nínú rẹ̀? Ta ni a ó pè bí a bá ní láti gba ìwé ìfiránṣẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá? Èló ni a ó fi kún owó oògùn? Lábẹ́ NHIA, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni aláìsàn ń san. Ẹ̀kẹrin, báwo ni a ṣe ń ṣe é bó bá jẹ́ òru?

Ti ilé ìwòsàn tí ẹ ó yàn, ẹ má ṣe fi orúkọ ńlá yàn án. A ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ láti 1907, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist, a sì ní ti LAUTECH. Àwọn méjèèjì wà fún ọ̀ràn tó bá le. Fún ibà, ikọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ilé ìwòsàn tí ẹ lè dé láàárín òru láti ilé yín ló dára jù kó wà lórí káàdì, nítorí ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa kọ ìwé tí ẹ ó gbé lọ sí èyí tó tóbi. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀ lọ tààrà sí èyí tó tóbi láìgba ìwé, àpò yín ni owó yóò ti jáde.

Àwọn òbí tó ti darúgbó tí kò sì ní ọ̀nà, àwọn aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú ilé tí kò rí jájẹ, owó kan wà fún wọn. Òfin ìlera ti 2014 ló dá a sílẹ̀ láti inú owó ìjọba àpapọ̀. OYSHIA ló ń kọ orúkọ wọn, ilé ìlera alábọ́ọ́dé ti wọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ti ń gba ìtọ́jú. Ẹ lọ bá ẹni tó ń bójú tó ilé ìlera wọ́ọ̀dù yín, kí ẹ béèrè bí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́.

4. Àpò kejì: owó pàjáwìrì

Èyí ni àjọ mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ní láti pọ̀. Ẹ lọ béèrè ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín iye tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó dá àgbàlagbà dúró, ẹ fi owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta kún un. Iye yẹn ni ẹ ń wá.

Ká ní ẹ ń dá ₦500 lójúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ. Lóṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, ₦15,000 ni. Alájọ á yọ ti ọjọ́ kan, ó ku ₦14,500. Oṣù mẹ́fà, ₦87,000. Àléébù alájọ ni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni owó wà, ẹni náà sì lè rìnrìn àjò lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Nítorí náà, lóṣooṣù tí ẹ bá ti kó o, ẹ gbé e lọ sí àkáǹtì tí ẹ kò fi ṣòwò. Láti 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dójútòfò owó inú báńkì, ń dúró fún owó tó tó ₦5,000,000 fún oníbàárà kan nínú báńkì ńlá, àti ₦2,000,000 nínú báńkì microfinance, bí báńkì náà bá wó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní irú ààbò yẹn, èmi tí mo ń kọ̀wé fún ọ̀kan ló ń sọ ọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ dára fún ni ẹ̀yáwó, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń kó owó òru pamọ́ sí.

Ẹlòmíràn nínú ilé gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń rí owó náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ara yín kò yá, ta ni yóò gba á jáde?

Ẹ má sì jẹ́ kí owó ọjà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti rí àwọn ìyá tí wọ́n fi owó ẹlùbọ́ san owó ilé ìwòsàn, aláìsàn gbádùn, ṣùgbọ́n nǹkan tí wọn yóò tà kò sí mọ́, ẹ̀yáwó sì ni wọ́n fi padà sí ìdí ìsọ̀.

5. Àpò kẹta: oògùn oṣooṣù

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kò sí ní pàjáwìrì. Owó tirẹ̀ dà bí owó iná, gbogbo oṣù ló ń wá. Ká ní ₦6,000 ni lóṣù, ₦72,000 ni lọ́dún. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ilé rí i.

Láti 2023, tí ilé iṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, tí náírà sì já wálẹ̀, oògùn tí orúkọ ilé iṣẹ́ òkè òkun wà lára rẹ̀ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ bi dókítà léèrè orúkọ oògùn náà gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un. Amlodipine ni wọ́n sábà ń kọ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, metformin fún àtọ̀gbẹ. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló ń ṣe wọ́n, títí kan ti ilẹ̀ wa, iye wọn sì yàtọ̀ síra púpọ̀. Ẹ béèrè iye wọn ní ilé oògùn méjì tàbí mẹ́ta tí apòògùn gidi wà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí dókítà tàbí apòògùn bá sọ pé ti ilé iṣẹ́ kan pàtó ni kí ẹ lò, ẹ ní kó sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí kò ṣeé fi ṣọ́wó ná ni kí a máa lò ó lónìí, kí a fo ọ̀la. "Ara mi ti le" ni àwọn àgbà máa ń wí. Ara le nítorí oògùn ni. Ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ oṣù kan ṣoṣo lè ju oògùn ọdún púpọ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì ń mu agbo pẹ̀lú rẹ̀, kí dókítà gbọ́ sí i.

6. Oyún kì í ṣe pàjáwìrì

Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń kéde ara rẹ̀, síbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ ìrọbí ni ọkọ ń sáré wá bá wa. Ní oṣù kẹta, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ gba ìwé àwọn nǹkan tí wọ́n máa ń béèrè fún ìbímọ, ẹ máa ra méjì mẹ́ta nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè iye ìbímọ wẹ́rẹ́ àti iye iṣẹ́ abẹ, iye iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ máa tọ́jú. Bí ìyàwó bá bí wẹ́rẹ́, ẹ ti rí owó ìkómọ. Ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ti ẹni méjì tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ méjì tó ń sùn ládùúgbò, kì í ṣe ọ̀kan.

7. Nígbà tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn

Owó kankan kò gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹnì kan lọ láìsí rìsíìtì. Bí wọ́n bá kọ àyẹ̀wò tó pọ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, èwo la gbọ́dọ̀ ṣe lónìí, èwo ló lè dúró?" Kì í ṣe àfojúdi. Dókítà tó mọṣẹ́ máa ń dáhùn. Ẹ tọ́jú gbogbo èsì àyẹ̀wò sínú fáìlì kan, kí wọ́n má baà tún un ṣe ní ilé ìwòsàn kejì.

8. Bí owó kò bá tó

Òfin ìlera ti 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ aláìsàn pàjáwìrì. Kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni o, ṣùgbọ́n ẹ lè fi òye tọ́ka sí i. Ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni, ẹ béèrè ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ aláìsàn lọ́jọ́ kìíní, kí gbèsè tó ga. Wọ́n lè bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ máa san díẹ̀díẹ̀.

Tó bá di yíyá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ẹbí. Sọ́gúndogójì àti áàpù orí fóònù, rárá. ₦60,000 ní èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ₦6,000 ni èlé nìkan. Oṣù mẹ́fà, ẹ ti san ₦36,000, ₦60,000 sì ṣì wà ní ọrùn yín bó ṣe wà.

9. Ẹ pín iṣẹ́ fún àwọn ọmọ

Ilé púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọmọ l'Ékòó, ní Ìlọrin, ní Abidjan. Nígbà tí Ìyá bá ṣàìsàn, gbogbo wọn á fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ara Ìyá bá yá, kò sẹ́ni tó rántí oògùn. Ẹ pè wọ́n jọ lórí fóònù nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Kí ọ̀kan gba owó káàdì ọdọọdún. Kí òmíràn gba oògùn oṣooṣù, kó máa sanwó tààrà fún ilé oògùn. Kí ẹni tí owó rẹ̀ kò dúró sójú kan gba owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Ẹni tó wà nílé pẹ̀lú Ìyá kì í ṣe ẹni tí kò dá nǹkan. Bí wọ́n bá ń ṣírò, kí wọ́n ka ọjọ́ tó pàdánù lọ́jà mọ́ ọn.

Ẹ ya fọ́tò káàdì Ìyá, èsì àyẹ̀wò rẹ̀ tó gbẹ̀yìn àti orúkọ oògùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Kí ẹni tó ń san owó káàdì fi ọjọ́ tí yóò parí sínú fóònù rẹ̀, oṣù kan ṣáájú.